Òfin Tó Dúró De Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Wolé-wolé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí láyè kí n fi Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Ọlálẹ́yẹ hàn yín. Bó bá jẹ́ pé ó wà níbí ni, èmi kọ́ ni ǹ bá fi í hàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá ṣe é, ì bá sì gba gbogbo àárọ̀ yín. Òun ni Ọ̀gá Àgbà àwọn wolé-wolé ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun Hítílà parí. Iṣẹ́ wolé-wolé, bí ẹ ti mọ̀, ni kó máa yọjú sínú ìkòkò omi onílé, kó wò ó bóyá tanwíji ń jó nínú rẹ̀, kó sì fa ẹni tó ni ín lọ sí kóòtù. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ ti ń ṣe é, àlejò á rò pé òun ló dá omi.

Bí ó bá sín nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Ìlèwó, igbákejì rẹ̀, Olúṣẹ̀yẹ, á dìde dúró, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà." Bí ó bá dákẹ́, Olúṣẹ̀yẹ á yíjú sí àwọn tó kù, á ní, "Ẹ gbọ́ bí Ọ̀gá ti ń dákẹ́! Ta ló tún lè dákẹ́ báyìí ní ilẹ̀ yìí?" Ọ̀gá á mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìjọba ló wá fi epo sí iná. Wọ́n yàn án pé kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mẹ́fà, kó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń tọ́jú ìmọ́tótó ìlú ńlá, wọ́n sì fún un ní àyè nínú bàálù. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń wọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá wọ bàálù, àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn kó tó kúrò nílé rárá.

"Sà," Olúṣẹ̀yẹ wí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, "bàálù yẹn ló ríre. Ẹrù ló ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti ń fò. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé èèyàn."

Nílé, Harriet ìyàwó rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀tàn nínú. "Bàbá Tẹjúmádé, ọjọ́ mélòó lẹ máa lò lọ́nà, kí n lè mọ oúnjẹ tí n óò dì fún yín?"

"Ọjọ́ kẹ̀?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sínú àpótí ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó fa òwú kan jáde. Máàpù ayé kan wà lára ògiri yàrá àlejò wọn. Ó fi orí òwú kan sí Èkó, ó fa ìkejì dé Lọ́ńdọ̀nù, ó fi eyín já a, ó sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òwú náà kò kún ọwọ́.

"Ṣé o rí i? Kò tó àtẹ́lẹwọ́ kan! Èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Ìlèwó dé Láfẹ́nwá! N óò mu tíì àárọ̀ ní Ìkẹjà, n óò mu tíì ìrọ̀lẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàálù kì í ṣe rélùwéè tó ń dúró kí èrò lè ra ẹ̀pà."

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbí yìí. Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì. Bàálù ayé ìgbà náà kò lè fò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á balẹ̀ ní Kánò kó mu epo, á la aṣálẹ̀ kọjá, á tún balẹ̀ létí òkun lọ́hùn-ún, àwọn èrò inú rẹ̀ á jẹun, wọ́n á na ẹsẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á sì mọ́ kí wọ́n tó fojú kan Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n òwú Harriet kì í mu epo, ebi kì í sì í pa á. Ó lọ tààrà.

Akọ̀wé kan tilẹ̀ wá láti Èkó láti ṣàlàyé ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti máa dúró. Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ tíì méjèèjì yẹn níwájú Ìgbìmọ̀ ìlú, ó ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti sọ ọ́ fún digí tó fi ń gé irùngbọ̀n. Kò sí bí akọ̀wé kan ṣe lè wá bà á jẹ́.

"Ìdúró lọ́nà, ti àwọn èrò lásán nìyẹn," ló fi dá a lóhùn, ó sì ní kí wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Wàyí o, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Ọ̀gá àti àwọn aláró Ìtòkú kì í rẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó ti wọ àgbàlá wọn, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó sì ki apá bọ inú ìkòkò aró dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wá tanwíji. Kò rí tanwíji. Apá rẹ̀ jáde bí apá àlejò tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, kò sì sí ọṣẹ tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń fi ọwọ́ òsì bọ èèyàn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ òfin kan lọ́kàn rẹ̀, bàálù ló sì fún un ní ibi tó máa fi parí rẹ̀.

Òfin náà nìyí: kí wọ́n fọ́ gbogbo ìkòkò aró tó wà láàárín ìlú. Ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún Ọ̀gá Àgbà bá kan ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ kí gbogbo Abẹ́òkúta gbọ́ ìró ìkòkò tó ń fọ́, kí wọ́n sì sọ pé, "Háà, Ọ̀gá ti gúnlẹ̀." Ó ka òfin náà fún Ìgbìmọ̀, ó kà á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan sùn, wọ́n jí, wọ́n sì fọwọ́ sí i kí wọ́n lè lọ jẹun.

Àwọn aláró wá sí Òkè-Ìlèwó. Àsíátù ló ṣáájú wọn, ìyàwó Mọ́nsúrù tó ń ṣòwò obì. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìyá ìyá mi ló ri ìkòkò wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀. Inú wọn ni mo ti ń jẹ, inú wọn ni mo ti rán àwọn ọmọ lọ sí ilé-kéwú àti ilé-ìwé. Bí ẹ bá fọ́ wọn, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn."

"Tanwíji!" Ọ̀gá ké, ó gbá tábìlì.

"Sà, tanwíji wo ló lè gbé inú aró?"

Ọ̀gá kọ́kọ́ dákẹ́. Olúṣẹ̀yẹ ti fẹ́ yin ìdákẹ́ náà kí ọ̀gá rẹ̀ tó rí èsì, tó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, tanwíji tó bá lè gbé inú aró tí kò kú, ǹjẹ́ o mọ irú tanwíji tí ìyẹn máa jẹ́? Èyí gan-an ló burú jù!"

Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Àsíátù dúró kí ariwo náà rọlẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an lòfin yìí máa mú wa?"

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ Ọ̀gá nínú. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àga kí gbogbo wọn lè rí i. "Nígbà tí èyí bá kan ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní ṣíwájú, kò ní pẹ́."

"Tí kò bá wá kàn án ńkọ́, sà?"

"Ṣé bàálù máa fi mí kọ́ sójú ọ̀run ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn obìnrin náà fi jáde. Àsíátù kò sunkún níbẹ̀. Ó délé, ó ṣí ìkòkò tó jinlẹ̀ jù, ó wo aṣọ tó rẹ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá sunkún. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti kó obì lọ sókè Ọya kí òfin náà tó jáde, kò sì mọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò, Ọ̀gá ń wọ ẹ̀wù òtútù onírun rìn káàkiri ìlú lọ́sàn-án gangan, ó ní òun ń kọ́ ara òun. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ọ̀wàrà. Olúṣẹ̀yẹ ń tẹ̀ lé e, ó ń gbọ̀n, ó ní òtútù ọ̀gá òun ti ran òun. Wọ́n ṣètò gbogbo rẹ̀ pátá: Ọ̀gá yóò fò ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣe ìdúpẹ́ pé ó ti gúnlẹ̀ láyọ̀, lẹ́yìn ìdúpẹ́, àwọn akọrin, àwọn wolé-wolé àti Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó yóò gba Ìtòkú lọ, wọ́n á sì fọ́ ìkòkò àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin náà kò tíì kúrò nílé, wọ́n sì ti ń ya orin ọpẹ́ sọ́tọ̀ fún dídé rẹ̀.

Bí ó ti wọ bàálù ní Ìkẹjà, wọ́n fún olúkúlùkù ní òwú láti fi dí etí nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá dí tirẹ̀ bí ẹni ń dí ihò eku. Ó jẹ gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó gba tẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì sùn. Nígbà tí bàálù balẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan wá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ́lú ẹ̀rín. Ọ̀gá kò yọ òwú kúrò. Ó rò pé wọ́n ń kí òun káàbọ̀ ni, ó sì ń mi orí sí i bí ọba.

Ó wo ìta. Kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, oòrùn rí bàìbàì láàárín rẹ̀ bí àtùpà tó fẹ́ kú. Òtútù gbá a lójú lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni wọ́n ti ń sọ fún un nípa Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ yìí? Kùrukùru àti òtútù! Ohun kan ló fẹ́ rú u lójú: ọ̀sán kò tíì pọ́n, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ní òun máa dé. Kò pẹ́ tó fi yé e. Awakọ̀ náà ti mọ ẹni tí òun gbé, ó ti sáré.

Ọyẹ́ Kánò ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ inú oṣù tí ọyẹ́ ń mú ní Kánò ni. Ọkùnrin tí kò tíì kọjá Ìbàdàn rí láyé rẹ̀ ni ọyẹ́ náà sì pàdé.

Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ gbọn-in. Ó dúró díẹ̀ kí ìlú lè gbádùn rẹ̀. Àwọn èrò tó kù gba ilé kan lọ láti lọ mu tíì títí ọkọ̀ yóò fi gba epo tán. Ọ̀gá rò pé àwọn tí kò ní ẹni tó ń dúró dè wọ́n nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo rèé?" Ì bá kúkú kú ju kó sọ ọ́ lọ. Ẹni ńlá kò gbọdọ̀ dé ibì kan kó máa béèrè orúkọ ibẹ̀.

Níta pápá náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kó àpò ẹ̀pà lọ. Ọ̀gá gòkè sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó tọ́ka sí ọ̀nà ìlú. Awakọ̀ rí ẹ̀wù, ó rí fìlà, ó rí agbòjò, ó sì gbé e. Ọ̀gá ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó rí àwọn ọkùnrin tó wé láwàní. Ó dára, Lọ́ńdọ̀nù ni olórí gbogbo ayé, gbogbo ẹ̀yà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó rí ràkúnmí mẹ́ta. Ó dára, ọba ló ni wọ́n. Ó rí òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì yìn ín lọ́kàn rẹ̀ pé òtútù kò bà á lẹ́rù.

Ọkọ̀ dúró níbi tí wọ́n ti ń to àpò ẹ̀pà lórí ara wọn, òkìtì gíga tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó nínú kùrukùru. Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn rèé! Ó ṣí fìlà, ó tẹríba, ó gbàdúrà síwájú òkìtì ẹ̀pà, ó sì yíjú sí àwọn alábàárù tó ti sọ àpò kalẹ̀ tí wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀yin èèyàn Lọ́ńdọ̀nù!" ó fi èdè òyìnbó tó kún ẹnu bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má fòyà mọ́. Mo ti dé. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń sapá láti tọ́jú gọ́tà yín fúnra yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìwọ̀nba tí ẹ lè ṣe. Láti òní lọ, ẹ sinmi!"

"Sànnú! Sànnú!" ni àwọn alábàárù fi èdè Haúsá kí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti sinmi lóòótọ́.

Àfi bí ẹnì kan ti là wọ́n já, tó tẹríba, tó ní, "Ọ̀gá Wolé-wolé! Ẹ kú ìrìn o, sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà!"

Mọ́nsúrù olóbì ni. Ọ̀gá wò ó títí. "Mọ́nsúrù! Kí ló gbé ìwọ dé ibí?"

"Rélùwéè ni, sà."

"Rélùwéè! Láti Láfẹ́nwá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọdọọdún ni mò ń wá."

Ẹ̀dùn mú Ọ̀gá. Òun tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin fún, òun tó wọ ẹ̀wù onírun nínú oòrùn, olóbì kan ń ti Láfẹ́nwá wọ rélùwéè wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún, kò sì sọ fún ẹnì kankan! "O ò sì ṣe ìdúpẹ́ rí?"

"Ìdúpẹ́ kí ni, sà?"

"Pé o dé Lọ́ńdọ̀nù!"

Mọ́nsúrù sún mọ́ ọn, ó rọra wo ojú rẹ̀ bí èèyàn ti ń wo ojú ẹni tí ibà mú. "Sà," ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ojú má ti àgbàlagbà, "Kánò nìyí. Ẹ̀pà lẹ ń ṣí fìlà fún."

Ariwo kan ń bọ̀ lókè nígbà náà. Bàálù ni. Ó gba orí wọn kọjá, ó gbé àpótí Ọ̀gá, àga Ọ̀gá, ẹrù àti gbogbo láfún tí Harriet dì fún un, ó wọ inú kùrukùru, ó sì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gá gbé agbòjò sókè, ó ń fì í sí i, títí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Mọ́nsúrù kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ sí ilé tó wọ̀, ó fún un lónjẹ, ó sì ní òun pẹ̀lú ti ta obì tán, kí àwọn jọ wọ rélùwéè padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Sà, ìwọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi Kùránì búra."

Bí ọjọ́ méjì ni rélùwéè ń gbà láti Kánò dé Abẹ́òkúta, ó sì ń dúró kí èrò ra ẹ̀pà. Mọ́nsúrù bọ́ aṣọ ìbora rẹ̀ fún Ọ̀gá. Aṣọ àdìrẹ ni, ó dúdú dáadáa, ó móoru.

"Ìyàwó mi ló rẹ ẹ́," Mọ́nsúrù wí. "Sà, Àsíátù mọ aró. Bó bá jí, kó tó kí mi gan-an, ó ti lọ ṣí ìkòkò wò. Mo máa ń bá a ṣàwàdà pé ìkòkò wọ̀nyẹn ló fẹ́, pé èmi kàn bá wọn gbélé ni."

Ọ̀gá fa aṣọ náà bo orí. Ojú tì í, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn; ojú tì í dé inú egungun. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ, pé òun ló ṣòfin tó fẹ́ fọ́ ìkòkò náà. Ó dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì ń pète nǹkan mìíràn. Kò ní sọ̀kalẹ̀ ní Láfẹ́nwá. Yóò jókòó títí dé Wásinmi, yóò wọ oko ìbátan rẹ̀ kan lọ, yóò fara pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, yóò sì jáde níbẹ̀ bí ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ìlú yóò sì ti gbà pé ó gúnlẹ̀. Wọ́n á fọ́ ìkòkò o, kí ló fẹ́ ṣe sí i? Bó ti ń ronú báyìí, aṣọ obìnrin náà ló ń mú ara rẹ̀ gbóná.

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé Láfẹ́nwá.

"Sà, a ti délé."

"Wásinmi ni mò ń lọ."

"Wásinmi kẹ̀? Pẹ̀lú ara yín tí kò yá yìí? Kí ni n óò wí fún Ìyáàfin, pé mo rí ọkọ wọn lọ́nà mo sì já wọn sílẹ̀? Rárá o, sà. Ọmọ Ẹ̀gbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ síra wọn." Mọ́nsúrù gba agbòjò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbá a mú lápá, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni ń sọ ìyàwó tuntun. Rélùwéè gbéra, Wásinmi sì bá a lọ.

Aládùúgbò kan ló sáré pàdé wọn níwájú ibùdókọ̀. "Mọ́nsúrù! Sáré o! Wọ́n ti gba ilé rẹ lọ. Wọ́n ní Ọ̀gá Wolé-wolé ti dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹ́ fọ́ ìkòkò ìyàwó rẹ!" Ó sọ ọ́ tán ló tó rí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́nsúrù. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Mọ́nsúrù yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ̀yin lẹ ṣòfin náà, sà?"

Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ sì gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ lọ́nà?" Mọ́nsúrù mí kanlẹ̀, ó tún apá rẹ̀ gbá mú, èyí kò ní ìfẹ́ púpọ̀ nínú mọ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí ìyàwó mi."

Ní àgbàlá Àsíátù ní Ìtòkú, èrò kún fọ́fọ́. Àwọn akọrin wọ ẹ̀wù funfun, àwọn wolé-wolé di kùmọ̀ mú, Ajẹ́lẹ̀ jókòó lórí àga tí wọ́n gbé wá fún un, àwọn aláró sì dúró ti ògiri, wọ́n káwọ́ lérí. Àsíátù jókòó sórí ọmọrí ìkòkò tó jinlẹ̀ jù. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Olúṣẹ̀yẹ ń sọ̀rọ̀.

"Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, Ọ̀gá ń mu tíì pẹ̀lú olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù! Olórí ìlú ń bi wọ́n léèrè pé, 'Báwo la ó ti ṣe é?' Ọ̀gá ń ní, 'Ẹ fara balẹ̀!' Mò ń gbọ́ ohùn wọn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń rí ojú wọn báyìí!"

Ó rí ojú wọn lóòótọ́. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku Kánò pọ́n lára rẹ̀ láti fìlà dé bàtà, ó sì wé aṣọ àdìrẹ mọ́ ejìká.

Ẹ̀rù ba akọrin kan, ó ké "Jésù!" Ṣùgbọ́n Olúṣẹ̀yẹ kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń bá lójijì. "Wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀!" ó pariwo. "Ẹ wo bí bàálù ti ń yára! Ṣé Ọ̀gá kò sọ fún yín? Wọ́n mu tíì ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n padà wá mu tàárọ̀ nílé!"

Àwọn èèyàn hó yèè. Ẹ má bá wọn wí. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni Ọ̀gá ti ń sọ ọ̀rọ̀ tíì náà fún wọn? Ọ̀gá gbọ́ ìhó náà, àyà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ó rí ọ̀nà àbáyọ tó gbòòrò bí òpópó. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo lọ," ó ní, "mo sì bọ̀."

Kùmọ̀ ròkè. Mọ́nsúrù ti fi Kùránì búra; ó di ẹnu, ó sì ń wo ìyàwó rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àsíátù ti na ọwọ́ méjèèjì bo ìkòkò.

"Ẹ dúró ná," Ajẹ́lẹ̀ wí. Ó ti pẹ́ láàárín Ẹ̀gbá, ó sì gbọ́ èdè wa ju bó ti ń fihàn lọ. "Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, o dé Lọ́ńdọ̀nù?"

"Mo dé ibẹ̀, sà."

"Oṣù mẹ́fà ni ìjọba rán ọ lọ lò nílé-ìwé wọn. Ta ló fún ọ láyè láti kúrò níbẹ̀?"

"Mo yára kọ́ ọ, sà."

"N óò béèrè lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé o dé ibẹ̀ tí o sì sá kúrò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí, n óò sì gbé ọ lọ sí kóòtù. Nítorí náà, mo tún bi ọ́. Ṣé o dé Lọ́ńdọ̀nù?"

Ẹ wo ọkùnrin náà. Bó bá ní òun dé, iṣẹ́ lọ, ó sì di ẹni tó ń kawọ́ pọ̀nyìn níwájú adájọ́. Bó bá ní òun kò dé, orúkọ lọ. Ó wo Olúṣẹ̀yẹ, Olúṣẹ̀yẹ ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Kánò," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Sọ ọ́ sókè."

"Kánò ni mo dé, sà."

Àsíátù dìde lórí ìkòkò. Ó wá síwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bó ti kúnlẹ̀ ní Òkè-Ìlèwó. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yín kan ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù?"

"Kò kàn án."

Ó dìde. Ó gba kùmọ̀ lọ́wọ́ Olúṣẹ̀yẹ, ẹni tó fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ṣí ìkòkò, ó fi kùmọ̀ náà gbé aṣọ tó wà nísàlẹ̀ sókè, ó wò ó bóyá ó ti dúdú tó. Ó kù díẹ̀. Ó tún un rì bọ inú aró, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀ lé ọkọ rẹ̀ láyà.

Ìgbìmọ̀ pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n fagi lé òfin. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n wá rí i pé bí àwọn bá fagi lé e, ayé á mọ̀ pé oorun ni wọ́n fi fọwọ́ sí i. Wọ́n fi òfin sílẹ̀ bó ti wà, wọ́n sì fagi lé ìrìn-àjò. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan Lọ́ńdọ̀nù láyé rẹ̀. Wọ́n bọ́ ipò Ọ̀gá Àgbà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi í sí ìdí yíyẹ ilé-ìyàgbẹ́ wò. Olúṣẹ̀yẹ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹlòmíràn sì ti ń yìn ín bó bá sín.

Ẹnikẹ́ni kò bú Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ibikíbi tó bá yọjú sí, bó ṣe pé ilé kejì ló ti ń bọ̀, ọkùnrin á tẹríba, obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á sì kí i bí a ti ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó wá òfin tó lè fi gbé wọn lọ sí kóòtù. Ó wá a títí, kò rí èyí tó mú ẹni tó ń kí àgbà. Kò sì lè ṣàìdáhùn, ọmọ ilé rere ni.

Ó dé àgbàlá Àsíátù lọ́jọ́ kan láti yẹ ilé-ìyàgbẹ́ wò. Obìnrin náà fi aṣọ sílẹ̀ nínú aró, pẹ̀lú apá rẹ̀ tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ó kúnlẹ̀ fún un tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ ṣí fìlà.

"Ẹ kúulé o," ó dáhùn.